Ìwọ̀n Igba Oníbàárà Tí Mo Pa Rẹ́

Ìwọ tí o mú ìwé yìí lọ́wọ́, mo bẹ̀ ọ́, dúró ná. Tí o bá wà lára àwọn tó ń gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, tí mo sì ti dì mọ́ ọ rí láàárín ọdún mẹ́ta yìí, wá ibì kan jókòó sí kí o tó kà á lọ. Má kà á níbi tí èèyàn ti lè máa wo ojú rẹ. Inú lè bí ọ. Ẹ̀rín náà sì lè gbé ọ ṣubú. Mi ò mọ èwo ló máa ṣẹlẹ̀. Mo kàn ń kìlọ̀ ni, torí òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde, kò sì sí ẹni tó lè mú un jáde àfi èmi. Ọ̀rọ̀ tó bá ti lo ọdún mẹ́ta nínú èèyàn, ó ti di ayálégbé tí kò fẹ́ kó jáde mọ́. Àfi kí onílé fúnra rẹ̀ gbé ẹrù rẹ̀ síta.

Ẹ má retí ìwé tó gún régé lọ́wọ́ mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ méjì, màá wẹ̀yìn wò, bóyá ẹnìkan ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, èmi ni mo máa kọ́kọ́ tọrọ àforíjì kí n tó bèèrè pé ta ni. Ní ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá mi, mi ò sì wo ojú oníbàárà kankan dáadáa rí. Ọrùn wọn ni mo máa ń wò, torí ọrùn kì í bínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe ń lọ, kí ohun tí mo ṣe lè yé yín. Ọ̀gá mi obìnrin ló ń gé aṣọ, èmi ni mo ń ka ìwọ̀n fún un, tí mo sì ń rán an. Ojú Ọ̀gá ti ń ṣú, kò lè rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n tí sísọ́ọ̀sì bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ yẹn ló ń ríran. Á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, á ní, "Àyà?" Èmi á wo fóònù ṣọ́ọ̀bù, màá ní, "Méjìdínlógójì, mà." "Èjìká?" "Mẹ́rìndínlógún, mà." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, bí ẹni tó ń dá orin tí ẹnì kejì ń gbè é. Nínú fóònù yẹn, lábẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà kọ̀ọ̀kan, àyè kan wà tí èèyàn lè kọ ohun tó bá wù ú sí. Ibẹ̀ la kọ ìwọ̀n wọn sí. Igba oníbàárà àti méjìlá. Ìwé ńlá tí a ń lò tẹ́lẹ̀, òjò ti jò sí i títí ó fi jẹrà, a ti dà á nù. Ohun tí Ọ̀gá sì fi ń yangàn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun ń wọn èèyàn. Ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn gàdàgbà: A WỌ̀N Ọ́ LẸ́Ẹ̀KAN, Ó PARÍ. Ìwọ kàn fi aṣọ ránṣẹ́, kí o padà wá gbé e wọ̀. Ọ̀gá máa ń ní télọ̀ òdìkejì títì ń fa tépù mọ́ èèyàn lára lójoojúmọ́ bí ẹni ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan, bátìrì fóònù náà wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lérí. Ó ní, "Tí nǹkan yìí bá kú pẹ́nrẹ́n, àwa náà kú nìyẹn. Lọ pe Ọ̀fẹ́-Ni wá."

Ọ̀fẹ́-Ni ni ọkùnrin tó ń tún rédíò àti kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun díẹ̀ díẹ̀, síbẹ̀ ó máa ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ohunkóhun tó bá fẹ́ fi sínú kọ̀ǹpútà ẹni, á kọ́kọ́ sọ pé, "Ọ̀fẹ́ ni." Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí Ọ̀gá fi ń wo àwòrán aṣọ, ó ní òun máa fi ètò kan síbẹ̀ tí á máa tọ́jú orúkọ àwọn oníbàárà, òun á fi òmíràn sínú fóònù tí á máa gbé e lọ gbé e bọ̀. Ó ní ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Mo ní, "Àbúrò, ta ló wá ni ín, tó fi jẹ́ ọ̀fẹ́? Ohun ọ̀fẹ́ máa ń bà mí lẹ́rù."

Ó ní, "Gbogbo wa la ni ín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wò ó bíi pépà tí Ọ̀gá yín fi ń gé ẹ̀wù. Àwọn télọ̀ kan máa ti pépà tiwọn mọ́ inú àpótí. Àwọn tó ṣe eléyìí, ìta gbangba ni wọ́n fi tiwọn kọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe gé e, kó wá wò ó. Tí ọrùn rẹ̀ bá há a, kó tún ọrùn rẹ̀ gé, kóun náà sì fi tiẹ̀ kọ́ síta fún ẹlòmíì."

"Wọn ò ní bínú?"

"Wọ́n á dúpẹ́ ni."

Ọ̀gá kígbe láti ìdí tábìlì pé, "Irú télọ̀ wo nìyẹn? Ẹ má jẹ́ kí télọ̀ kankan gbọ́ o!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó parí, ó fi hàn mí. Wáyà kankan ò so wọ́n pọ̀, síbẹ̀ ohun tó wà nínú fóònù ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ohun tí ẹ bá ṣe níbí, á ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá pa nǹkan rẹ́ níbí, á pa á rẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin náà rí i pé orúkọ kọ̀ọ̀kan jáde lẹ́ẹ̀méjì? Ọ̀kan ti orí símù wá, ọ̀kan ti inú fóònù fúnra rẹ̀. Màá wá yanjú ẹ̀ lọ́la. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Ó kìlọ̀ fún mi. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ lòdì sí mi. Ó kìlọ̀ fún mi dáadáa.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá wọlé lẹ́yìn tó lọ, ó fún ojú pọ̀ wo lẹ́tà gàdàgbà orí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Kí ló dé tí gbogbo ayé fi di méjì méjì? Tún un ṣe kí n tó dé." Ó jáde lọ ra bọ́tìnnì. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mo rí Olùkọ́ Àgbà méjì, orúkọ kan, nọ́ńbà kan. Mo pa ọ̀kan. Mo rí Dókítà Eléyín méjì. Mo pa ọ̀kan. Mi ò ṣí ìkankan wò. Èyí tó wà lókè ni mo ń pa ní gbogbo ìgbà, torí òun ló sún mọ́ ọwọ́ mi. Láti ìgbà tí a jẹun ọ̀sán tán títí àwọn ọmọ fi dé láti ilé ìwé ni mo fi ń ṣe é, mo sì ń kọrin! Ó dùn mọ́ mi. Ayé rí rúdurùdu tẹ́lẹ̀, èmi ni mo ń tò ó. Nígbà tó ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo tẹ ibi tí ọfà méjì ti ń lé ìrù ara wọn kiri kí fóònù náà lè rí bẹ́ẹ̀, mo sì dìde, mo na ẹ̀yìn bí olówó.

Símù kì í gbà ju orúkọ àti nọ́ńbà lọ. Mi ò mọ̀. Èyí tó wà lókè, òun ló gbé ìwọ̀n sínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá tẹ́ aṣọ Dókítà Eléyín. "Àyà?" Mo ṣí fóònù. Orúkọ wà níbẹ̀. Nọ́ńbà wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ funfun báláú. Mo wo ẹlòmíì, funfun. Mo wo ìkẹta. Ọ̀gá kígbe: "Mo ní àyà!" Ẹnu mi là, ó ní, "Ogójì, mà." Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tí Ọ̀fẹ́-Ni dé, tó bi mí bóyá nǹkan wà tóun máa ṣe, mo ní, "Rárá, àbúrò, ó ti yanjú." Irọ́ kejì.

Dókítà Eléyín wá gbé ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀. Ó jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti sọnù sínú apá aṣọ. Ó ní, "Ọ̀gá, èmi àti ta la jọ máa wọ eléyìí?" Ọ̀gá yí sí mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé ohun tó kọ́kọ́ wá sẹ́nu mi ni mo sọ: "Ẹ ti rù ni, mà."

"Háà! Lóòótọ́?" Obìnrin náà fò sókè. "Mo ti rù? Ẹ tún un sọ!" Ó yí po níwájú dígí. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí inú tèmi náà fi dùn pé wọn ò rí mi mú, bí mo ṣe kó sí i lára nìyẹn, mo dì mọ́ ọn. Èmi! Mo dì mọ́ oníbàárà. Ibẹ̀ sì ni èṣù ti bá mi sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi kan ìgúnpá mi òsì lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ lọ́gán: mẹ́rìndínlógójì.

Ṣé ó ti ń yé yín?

Mo délé, mo fi tépù wọn apá mi, mo há a sórí bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò. Ọwọ́ kan ìgúnpá, mẹ́rìndínlógójì. Ọwọ́ kan ọrùn ọwọ́, méjìlélógójì. Tó bá jẹ́ orí ìka ló kan orí ìka, àádọ́ta ni, kí Ọlọ́run gbà wá. Mo nílò ẹni tí mo máa fi kọ́ṣẹ́. Mo bá ọkọ mi níbi tó ti ń wá bàtà ẹ̀, mo dì mọ́ ọn. Ara rẹ̀ le gbagidi. Ó ní, "Ìyá ilé, ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. "Wọ́n lé ẹ níbi iṣẹ́?" Wọn ò lé mi. Kò bèèrè mọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ṣì dúró síbi kan náà, ó ní òun ń wá bàtà.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí obìnrin tó kọjá ẹnu ọ̀nà wa tí mi ò dì mọ́. Tí ẹnìkan bá fi aṣọ ránṣẹ́, màá lọ kí i nílé. Ọwọ́ mi á wọn ẹ̀yìn, mo tún máa fi ìka wọn èjìká, bíi pé mò ń gbà á níyànjú. Lẹ́yìn náà màá sáré wọ yàrá ẹ̀yìn, màá kọ ọ́ sínú fóònù. Tọkùnrin le díẹ̀. Eruku ni mo máa ń gbọ̀n kúrò léjìká wọn. Olùkọ́ Àgbà ní, "Ìyá Jẹ́jẹ́, kí ló dé tí eruku kì í tán léjìká mi? Ṣé ilẹ̀ ni mò ń sùn sí ni?" Mo ní, "Iṣẹ́ olùkọ́ ni, sà, ẹfun ìkọ̀wé ni." Tó bá di ti ìbàdí, màá ní kó bá mi wo bẹ́líìtì kan bóyá ó gùn tó.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó dùn níbẹ̀, tó sì tún dá mi lẹ́bi. Aṣọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í bá èèyàn lára mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ìwọ̀n tí a ní tẹ́lẹ̀, òmíràn ti pé ọdún mẹ́wàá. Tèmi, tàná ni. Àwọn èèyàn ń yọ̀, Ọ̀gá ń ní, "Ọwọ́ mi yìí, bó ṣe ń dàgbà ló ń mú sí i." Wọ́n yí orúkọ mi padà, mo di Ìyá Adìmọ́ni. Wọ́n ní ìfẹ́ ló wọ̀ mí lára. Àwọn kan ń yà wá láìgbé aṣọ lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, inú mi ò dùn lónìí." Màá dì mọ́ wọn. Màá sì kà.

Ẹ jẹ́ kí n mí.

Èyí tó burú jù nìyí. Màmá Agbẹ̀bí ń gbé lókè ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn, òun nìkan. Ó ti fi iṣẹ́ ìgbẹ̀bí sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ara rẹ̀ ti ń sún kì, mi ò sì tètè rí ìwọ̀n rẹ̀ gbá mú. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi orí lé mi léjìká, ó ní, "Ọmọ mi, ọdún mẹ́fà rèé tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí, àfi nọ́ọ̀sì tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru." Mo gbọ́ ọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mò ń gbọ́ ọ ni: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó kù sí èjìká.

Mo rán aṣọ rẹ̀ tán, ó gbé e lọ. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dé. Kò gbé aṣọ kankan wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó la ọwọ́ méjèèjì. Èmi sì ti ní ohun tí mo ń wá lára rẹ̀. Mo gbé àtẹ bọ́tìnnì, mo fi í sáàárín àwa méjèèjì, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Aṣọ yín ò níṣòro, àbí?" Ọwọ́ yẹn rọra ń wálẹ̀. Ó fi tún ìborùn rẹ̀ ṣe, bíi pé torí ìborùn ló ṣe gbé e sókè. Ó ní, "Mo kàn ń kọjá ni." Kò sí ibi tí èèyàn ń lọ tó máa gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọjá. Ọ̀dọ̀ wa ni títì parí sí, ògiri ló kù.

Mi ò lè rán nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mo ti purọ́, mo ti tan èèyàn, oorun ò dá mi. Èyí ni kò jẹ́ kí n lè gbé oúnjẹ mì. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gun àkàsọ̀ ilé rẹ̀ lọ, mo kan ilẹ̀kùn, mi ò tọrọ àforíjì, mo dì mọ́ ọn. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí Ọjọ́bọ̀ tí mi ò dì mọ́ ọn. Mo ń gbìyànjú kí n má kà, orí mi ń kà fúnra rẹ̀. Ìgbà kan ṣá wà, mi ò mọ ìgbà tó jẹ́, mo délé, mo rí i pé mi ò kà á.

Mi ò bá ti gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì pe àwọn oníbàárà jọ ní Sátidé tó kọjá. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, ó ní, "Kì í ṣe torí abẹ́rẹ́ ni mo fi ń fún un. Ìfẹ́ tó ní sí yín ni." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má tíì fún mi," mo sì sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ fún yín yìí, títí dórí àtẹ bọ́tìnnì.

Ọ̀gá ní, "Gbogbo 'méjìdínlógójì, mà' yẹn? Ọdún mẹ́ta?"

"Ọwọ́ mi ni, mà."

Dókítà Eléyín dìde dúró. "Ẹ dúró ná. Ìyẹn ni pé mi ò rù?"

"Ẹ ò rù, mà. Ẹ dárí jì mí."

"Eruku èjìká mi ńkọ́?" Olùkọ́ Àgbà nìyẹn.

"Kò sí eruku rí, sà."

Ọ̀fẹ́-Ni ló wá figbe ta. "Ẹ̀gbọ́n! Ètò yẹn kì í pa nǹkan rẹ́ kó má tọ́jú ẹ̀dà! Ó wà níbẹ̀! Ọdún mẹ́ta ló ti wà nínú kọ̀ǹpútà yìí! Ẹ ò bá ti bi mí!" Ó sáré tan kọ̀ǹpútà, ó tẹ ibì kan, ó tẹ ibòmíràn. Igba àti méjìlá, gbogbo wọn jáde bí ẹni ń jáde láti ibi ìpàdé. Ó ka ti òkè pátápátá sókè: "Olùkọ́ Àgbà. Ìbàdí: mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Gbogbo ojú lọ síbi ìbàdí Olùkọ́ Àgbà. Òun náà wò ó. Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó di tábìlì mú, ó ní, "Níbo ló lọ? Ẹ bá mi wá a!" Ilé dàrú. Dókítà Eléyín ń nu omijé. Ọ̀gá pàápàá fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹnìkan lọ bá mi gbé omi wá.

Nígbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, Ọ̀gá ò gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún mi. Ó ní, "Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ sára ilẹ̀kùn, bíi pé ara èèyàn ń ka ìwé. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Àmọ́ mi ò lè dá ẹjọ́ tó kù. Ẹnìkan wà níbí tí o gbé àtẹ sí lójú." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí Màmá Agbẹ̀bí, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí kò tíì rẹ́rìn-ín.

Kí n tó sọ ohun tó fèsì, ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ni mo torí ẹ̀ kọ ìwé yìí. Mo bẹ̀ yín. Ẹni tó bá fẹ́ kí n wọn òun padà pẹ̀lú tépù gidi, kó wá, màá wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n fọwọ́ kan òun mọ́ láé, ó lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ sì rèé, tí nǹkan bá jáde ní méjì, ẹ ṣí méjèèjì wò kí ẹ tó pa ọ̀kan. Tí ẹ ò bá mọ nǹkan ṣe, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe. Kò pa èèyàn. Èmi ni mo rò pé ó ń pa èèyàn.

Màmá Agbẹ̀bí gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ní, "Ogójì ọdún ni mo fi ọwọ́ wọn ikùn aboyún. Ìka mélòó lókè ìdodo, màá sọ oṣù fún ọ. Ìwọ wá rò pé ọwọ́ tó ń wọn nǹkan máa kàn mí lẹ́yìn, kí n má mọ̀ ọ́n? Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ń padà wá, mà?"

"Mo ń dúró de ọjọ́ tí ọwọ́ yẹn máa gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an."

"Ṣé ó gbàgbé ẹ̀, mà?"

"Ó gbàgbé ẹ̀." Ó dìde, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ká ìka mi lé e lórí níkọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Ọjọ́ wo ni, Màmá? Mo ti ń wá ọjọ́ náà, mi ò rí i."

"Ẹ sọ fún wa, mà!" Olùkọ́ Àgbà nìyẹn. Dókítà Eléyín náà fa àga sún mọ́ ọn. "Ọjọ́ wo ni? Kí lẹ fi mọ̀ ọ́n?"

Màmá Agbẹ̀bí padà sídìí fèrèsé, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó kọ ojú sí ìta. Ẹ̀rín ti kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Èmi àti ọjọ́ yẹn la jọ mọ̀ ọ́n."